Ta ló pa Abhimanyu gan-an, kí ló sì dé tí kò fi rí ọ̀nà jáde?

Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Abhimanyu rí, ì báà jẹ́ nínú fíìmù Íńdíà tàbí nínú fídíò kéékèèké orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń dì mú: pé ọmọ yẹn ti gbọ́ àṣírí ogun látinú oyún, pé ìyá ẹ̀ sùn lọ kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ náà tán ni ò jẹ́ kó mọ ọ̀nà jáde, àti pé Jayadratha ló pa á. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó rí bẹ́ẹ̀ nínú Mahabharata, ìwé ìtàn ogun àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ti èdè Sanskrit tí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó yẹ̀ wò. Mo fẹ́ ká jọ tú u palẹ̀ torí ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù ló wà níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ tẹ́nì kan fẹnu ẹ̀ sọ ọ́ pé oorun Subhadra ló pa ọmọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látilé. Ogun inú Mahabharata, ogun ẹbí ni. Dhritarashtra àti Pandu, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin ni Dhritarashtra bí, àwọn ni Kaurava, Duryodhana sì ni àgbà wọn. Àwọn ọmọ Pandu jẹ́ márùn-ún, àwọn ni Pandava: Yudhishthira, Bhima, Arjuna, Nakula àti Sahadeva. Ìtẹ́ Hastinapura ni wọ́n ń jà sí. Arjuna tó jẹ́ ìkẹta ni tafàtafà tí ò lẹ́gbẹ́ láàárín wọn, ó fẹ́ Subhadra tó jẹ́ àbúrò Krishna, Subhadra sì bí Abhimanyu fún un. Krishna tí àwọn Hindu ń sìn bí Ọlọ́run yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá Abhimanyu ni o.

Nígbà tí Yudhishthira ta tẹ́tẹ́ tó sì pàdánù gbogbo nǹkan tí wọ́n ní, wọ́n lé àwọn Pandava lọ sínú igbó fún ọdún 12, tó bá wá di ọdún kẹtàlá wọ́n gbọ́dọ̀ fara pamọ́ síbi tẹ́nikẹ́ni ò ti ní dá wọn mọ̀. Ọmọ kékeré ni Abhimanyu nígbà yẹn, Dwaraka, ìlú Krishna tó wà létí òkun, ló ti dàgbà lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá ẹ̀, Pradyumna tó jẹ́ ọmọ Krishna wà lára àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ogun. Ọdún kẹtàlá yẹn, ààfin ọba Virata nílẹ̀ Matsya làwọn Pandava sá sí, Arjuna para dà di ẹni tí ò jẹ́ ọkùnrin tí ò jẹ́ obìnrin, ó ń kọ́ Uttara ọmọ ọba níjó. Nígbà tí àṣírí tú tí ọba fẹ́ fi Uttara fún un láti fi ṣaya, Arjuna ní rárá, ọmọ tóun ti kọ́ níṣẹ́ fún ọdún kan, ọmọ òun ló jẹ́, òun á gbà á fún Abhimanyu. Bí wọ́n ṣe fẹ́ra wọn nìyẹn, kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí ogun fi bẹ̀rẹ̀ ní Kurukshetra, tó wà ní ìpínlẹ̀ Haryana lóde òní.

Ọmọ ọdún mélòó ló wá jẹ́? Ọdún 16 ni ìwé náà fún un, ìdí sì wà ńbẹ̀. Nínú ìwé àkọ́kọ́ Mahabharata, wọ́n ní Varchas, ọmọ Soma òrìṣà òṣùpá, ló wá sáyé bí Abhimanyu. Soma ò fẹ́ yọ̀ǹda ọmọ ẹ̀ rárá, ó ní òun fẹ́ràn ẹ̀ ju ẹ̀mí òun lọ, nítorí náà tó bá máa lọ, ọdún 16 péré ni kó lò kó sì padà sọ́dọ̀ òun, àmọ́ á fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ tó máa gbé ìdílé yẹn ró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ mú apá ìkẹyìn yẹn, a máa nílò ẹ̀.

Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ja ogun náà. Ọjọ́ kẹwàá ni Bhishma tó jẹ́ olórí ogun Kaurava ṣubú, Drona gba ipò ẹ̀. Drona yìí ló kọ́ àwọn Pandava àti Kaurava pátá níṣẹ́ ogun, ẹni tó kọ́ Arjuna ní ọfà ló wá ń bá Arjuna jà. Iṣẹ́ tí Duryodhana gbé fún un ni pé kó mú Yudhishthira láàyè, Drona sì mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí Arjuna bá wà nítòsí. Nígbà tí kò ṣeé ṣe lọ́jọ́ kejìlá, Duryodhana bínú sí i, Drona wá ṣèlérí fún un pé lọ́la òun máa to ogun lọ́nà táwọn òrìṣà pàápàá ò ní lè fọ́, òun á sì pa ọ̀kan nínú àwọn ògbójú wọn, kí wọ́n ṣáà bá òun tan Arjuna kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn Samsaptaka, àwọn tó ti mulẹ̀ pé àwọn pa Arjuna tàbí kí àwọn kú, Susharma ọba Trigarta ló ṣáájú wọn, ni wọ́n pe Arjuna níjà lọ sí apá gúúsù. Wọn kì í pè é níjà kó má lọ, ó lọ, Krishna tó ń wa kẹ̀kẹ́ ogun ẹ̀ náà bá a lọ.

Ibẹ̀ ni Drona ti to Chakravyuha. Àwọn ọmọ ogun ni wọ́n tò róbótó bí àgbá kẹ̀kẹ́, Drona fúnra ẹ̀ wà níwájú, Jayadratha ọba Sindhu wà nítòsí ẹ̀, Duryodhana wà láàárín pẹ̀lú Karna, Kripa àti Dushasana àbúrò ẹ̀. Nínú àwòrán tí wọ́n gbẹ́ sára tẹ́ńpìlì Hoysaleswara ní Halebidu, ìpínlẹ̀ Karnataka, láàárín ọdún 1100 sí 1200, ó lọ́ wọnú bí ìkarahun ìgbín, Abhimanyu sì ń forí lé àárín ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé, ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń pa dé, ìyẹn ni kókó ẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n mọ ògiri kan sílẹ̀.

Drona wá ń pa àwọn Pandava bó ṣe wù ú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Yudhishthira bá pe Abhimanyu. Ó ní èèyàn mẹ́rin péré ló lè fọ́ Chakravyuha, Arjuna, Krishna, Pradyumna àti ìwọ, kò sí ìkarùn-ún, tí Arjuna bá wá dé tó bá wa báyìí kí la fẹ́ sọ fún un? Èsì tí ọmọ náà fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ yẹn, tí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́ ìtàn yìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Ó ní bàbá òun ti kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ wọlé, ṣùgbọ́n tí wàhálà bá bá òun níbẹ̀, òun ò ní lè jáde. Ó sọ ọ́ ní gbangba. Kò fi pa mọ́, kò ṣakọ. Yudhishthira ní kó ṣáà ṣílẹ̀kùn fáwọn, ibi tó bá gbà làwọn máa gbà, àwọn á wà lẹ́yìn ẹ̀. Bhima náà ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn, òun pẹ̀lú Dhrishtadyumna, Satyaki àtàwọn ọmọ ogun Panchala, tó bá ti lè fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn máa run ìyókù.

Ṣẹ́ ẹ ti rí i báyìí pé kò sí ọ̀rọ̀ oyún níbẹ̀? Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, ó kọ́ ọ dé ìdajì. Arjuna fúnra ẹ̀ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tó dé ibùdó tí gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́ tí ọmọ ẹ̀ ò jáde wá pàdé ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ní òun gbọ́ pé Drona to Chakravyuha, kò sì sẹ́lòmíì tó lè fọ́ ọ nínú yín àfi ọmọ kékeré yẹn, òun ò sì tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jáde, ṣé kì í ṣe pé ẹ rán an wọbẹ̀? Ẹnu bàbá ọmọ ló ti jáde.

Ibo wá ni ìtàn oyún ti wá? Ó wà nínú àwọn ìtàn tí wọ́n tún sọ lẹ́yìn náà ní oríṣiríṣi èdè Íńdíà, àwọn kan ní Arjuna ló ń sọ ọ́ fún Subhadra, àwọn míì ní Krishna ni. Nígbà tó wá di ọdún 1988 sí 1990 tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Doordarshan ń gbé ìtàn Mahabharata jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí odindi orílẹ̀-èdè ń jókòó wò ó, ìtàn oyún yẹn wọ gbogbo ilé, ẹ̀dà tó sì wọ ilé lèèyàn máa ń gbà pé ó jẹ́ ojúlówó. Kì í ṣe pé èrò náà ṣàjèjì sí wọn o. Nínú Mahabharata kan náà, Ashtavakra wà nínú oyún tó ń tún àṣìṣe bàbá ẹ̀ ṣe níbi tó ti ń ka ìwé mímọ́, bàbá bínú, ó fi í gégùn-ún, ọmọ náà sì jáde pẹ̀lú ara wíwọ́ níbi mẹ́jọ. Prahlada náà, nínú ìtàn Hindu míì, wọ́n ní inú oyún ló ti gba ẹ̀kọ́ amòye Narada. Torí náà nígbà tẹ́nì kan sọ ọ́ mọ́ Abhimanyu, ó bá a mu, kò sẹ́ni tó yà lẹ́nu.

Bí wọ́n ṣe mọ èyí tó wà níbẹ̀ àtèyí tí wọ́n fi kún un ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Bhandarkar ní ìlú Pune bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé àfọwọ́kọ Mahabharata jọ láti gbogbo ẹkùn Íńdíà ní 1919, V. S. Sukthankar wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà, ìwé àfọwọ́kọ tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní 1,200, wọ́n ń fi ọ̀kan wé ìkejì ní ẹsẹ-ẹsẹ, wọn ò sì parí ẹ̀ títí di 1966. Èyí tó bá jẹ́ pé ibì kan péré ló ti jáde tàbí tó hàn pé àwọn tó wá lẹ́yìn ló fi kún un, wọ́n yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá tó sùn lọ kò sí nínú ohun tí wọ́n tẹ̀.

Ó dáa, ká padà sójú ogun. Awakọ̀ ẹ̀ tó ń jẹ́ Sumitra kìlọ̀ fún un lójú ọ̀nà, ó ní ẹrù tí wọ́n gbé lé ẹ lórí yìí wúwo o, Drona mọ iṣẹ́ ogun dénú, ìwọ sì rèé inú ìgbádùn lo ti dàgbà, rò ó dáadáa ná. Abhimanyu rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni Drona, bí Indra ọba àwọn òrìṣà pàápàá bá gun erin ẹ̀ wá tàbí tó jẹ́ Krishna ẹ̀gbọ́n ìyá òun àti bàbá òun ló dúró níwájú òun lójú ogun, ẹ̀rù ò ní bà òun, kó wa kẹ̀kẹ́ ogun lọ síwájú. Ọmọ ọdún 16 ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ìgboyà ẹ̀ sì kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu, torí ó fọ́ ọ wọlé lójú Drona gangan.

Ibi tí Jayadratha ti wọlé sí ọ̀rọ̀ nìyí. Jayadratha, ọkọ Dushala ni, Dushala sì ni àbúrò obìnrin kan ṣoṣo tí ọgọ́rùn-ún Kaurava ní, àna wọn ni. Nígbà táwọn Pandava ṣì wà nínú igbó, ó gbìyànjú láti jí Draupadi ìyàwó wọn gbé, wọ́n lé e bá, Bhima fárí ẹ̀ ó fi ìdì irun márùn-ún péré sílẹ̀ fún ẹ̀sín, wọ́n sì jẹ́ kó lọ torí ti Dushala. Ìtìjú yẹn ló gbé lọ síwájú òrìṣà Shiva, ó ń fìyà jẹ ara ẹ̀ títí Shiva fi dá a lóhùn, ohun tó rí gbà ni pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, á lè dá àwọn Pandava tó kù dúró, àfi Arjuna. Ọjọ́ kan yẹn ló jẹ́ ọjọ́ kẹtàlá ogun. Bí Abhimanyu ṣe kọjá, Jayadratha dúró sí ojú ihò tí ọmọ náà ṣí, Yudhishthira, Bhima, gbogbo àwọn tó ṣèlérí pé àwọn ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó rí i kọjá. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn. Ó tilẹ̀kùn. Kò fọwọ́ kan Abhimanyu.

Ọmọ yẹn wá wà nínú lóun nìkan. Ó pa Rukmaratha ọmọ Shalya, ó pa àìmọye àwọn ọmọ ọba, ó ta Dushasana lọ́fà títí ó fi dákú tí awakọ̀ ẹ̀ gbé e sá lọ. Drona ń wò ó, ó ń yìn ín lójú gbogbo èèyàn, débi pé Duryodhana ń pariwo pé ìfẹ́ tí bàbá yìí ní sí Arjuna ni ò jẹ́ kó pa ọmọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà Abhimanyu pa Lakshmana, ọmọ Duryodhana fúnra ẹ̀, bàbá ọmọ sì figbe bọnu pé kí wọ́n pa á! Ìgbà yẹn ni àwọn mẹ́fà pé lé e lórí: Drona, Kripa, Karna, Ashvatthama ọmọ Drona, Kritavarma àti Brihadbala ọba Kosala. Ó ta Brihadbala lọ́fà lọ́kàn, ó kú.

Karna tí ọfà ti dá ọgbẹ́ sí lára béèrè lọ́wọ́ Drona pé báwo la ṣe fẹ́ pa ọmọ yìí. Drona ní ìhámọ́ra ẹ̀ ò ṣeé gún, òun lòun kọ́ bàbá ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè gé ọrun ẹ̀, wọ́n lè pa àwọn ẹṣin ẹ̀, tí kò bá ti sí ọrun lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ ó ṣeé pa. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Karna gé ọrun ẹ̀, Kritavarma pa àwọn ẹṣin, Kripa pa àwọn tó ń wakọ̀ fún un. Abhimanyu fa idà yọ, ó mú asà, Drona ta idà náà já nídìí, Karna fọ́ asà. Ó fa àgbá kẹ̀kẹ́ ogun kan tú, ó gbé e sókè ó ń bọ̀ wá bá wọn, wọ́n fọ́ ìyẹn náà sí wẹ́wẹ́. Ó gbé kùmọ̀ irin, Ashvatthama fò kúrò lórí kẹ̀kẹ́ ogun ẹ̀ torí kó má bàa bà á. Ọmọ Dushasana ló wá pàdé ẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ tiẹ̀, àwọn méjèèjì lu ara wọn ṣubú, ó ti rẹ Abhimanyu gan-an, ọmọ Dushasana ló kọ́kọ́ dìde, bí Abhimanyu ṣe fẹ́ dìde ló là á kùmọ̀ mọ́lórí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi yín léèrè ọwọ́ ẹni tó kú sí, ọmọ Dushasana ni. Àmọ́ ìwé náà fúnra ẹ̀ ò fi mọ síbẹ̀, ó ní àwọn ẹ̀dá inú òfuurufú ń kígbe pé ẹnì kan ṣoṣo ló dùbúlẹ̀ yìí, àwọn mẹ́fà tí Drona àti Karna ṣáájú ló pa á, èyí kì í ṣe òdodo lójú àwa. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni ìhà méjèèjì ti fẹnu kò pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ogun, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ogun ni kó bá a jà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ lu ẹni tí ò ní ohun ìjà lọ́wọ́. Ẹ má sì gbàgbé ẹni tó ń sọ ìtàn yìí, Sanjaya ni, Dhritarashtra bàbá àwọn Kaurava ló sì ń sọ ọ́ fún. Lọ́dọ̀ àwọn tó pa á gan-an ni ẹjọ́ yẹn ti jáde.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn ń dárúkọ Jayadratha? Torí Arjuna ni. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, Jayadratha tó dínà ló bínú sí jù, ó búra pé kí oòrùn ọ̀la tó wọ̀ òun máa pa á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á wọ inú iná. Odindi ọjọ́ kẹrìnlá ni wọ́n fi lé ọkùnrin kan. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ tán kí Arjuna tó gé orí ẹ̀, bàbá Jayadratha sì ti gégùn-ún tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá jẹ́ kí orí ọmọ òun já bọ́ sílẹ̀, orí tiẹ̀ náà á fọ́, Arjuna fi ọfà gbé orí náà lọ sórí itan bàbá yẹn níbi tó ti ń gbàdúrà, bàbá dìde, orí já bọ́, tiẹ̀ náà sì fọ́. Ìgbẹ̀san tó tóbi báyẹn, ó rọrùn kéèyàn rò pé apànìyàn ni wọ́n ń gbẹ̀san lára ẹ̀. Ní erékùṣù Java, nínú eré ọmọlangidi wayang wọn, ọ̀rọ̀ náà ti yí pátápátá, Jayadrata ló fi kùmọ̀ ṣe é parí níbẹ̀. Torí náà ẹni tó bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ pé ẹ̀dà Java ló gbọ́.

Ẹ̀bi Subhadra ni mo fẹ́ padà sí. Lẹ́yìn ikú ọmọ náà, Yudhishthira jókòó ó ń sunkún, ohun tó sọ ni pé ọmọ tó yẹ ká fi ṣáájú nídìí oúnjẹ, nínú ọkọ̀, lórí ibùsùn, nínú ohun ọ̀ṣọ́, ojú ogun la fi ṣáájú. Mi ò mọ gbólóhùn míì nínú gbogbo ìwé yẹn tó dùn mí tó èyí. Àgbà tó rán ọmọ níṣẹ́ fẹnu ara ẹ̀ gbà pé òun lòun rán an, ó mọ̀ pé ọmọ ti sọ fún òun pé òun ò mọ ọ̀nà jáde. Subhadra ní tiẹ̀, ohun tó wà fún un níbẹ̀ ni ẹkún, ó ń sunkún ó ń tọrọ pé kí ọmọ òun dé ibi tí àwọn olóòótọ́ àti àwọn tó ń tọrẹ máa ń dé. Kò sí ibi tẹ́nikẹ́ni ti nawọ́ sí i. Àwọn tó wá lẹ́yìn tó gbé ìtàn oorun lé e lórí, wọ́n gba ẹrù náà kúrò lórí àwọn àgbà wọ́n gbé e fún ìyá, bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀ọ́mọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Soma tí mo ní kẹ́ ẹ fọwọ́ mú. Uttara lóyún nígbà tí Abhimanyu kú. Lálẹ́ tí ogun parí, Ashvatthama wọ ibùdó, ó pa ọmọ márààrún tí Draupadi bí lójú oorun, ó sì tún ju ohun ìjà burúkú kan sí oyún àwọn obìnrin Pandava kí ìdílé náà lè run tán. Ọmọ Uttara jáde láìmí, Krishna ló jí i, wọ́n sọ ọ́ ní Parikshit, òun sì ni Yudhishthira fi jọba Hastinapura nígbà táwọn Pandava fi ayé sílẹ̀. Ejò Takshaka ló bu Parikshit jẹ tó fi kú, Janamejaya ọmọ ẹ̀ wá ṣètò ìrúbọ ńlá láti fi pa gbogbo ejò ayé, ibi ìrúbọ yẹn ni Vaishampayana, ọmọ ẹ̀kọ́ Vyasa tí wọ́n ní òun ló ni ìwé náà, ti jókòó ka Mahabharata láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Janamejaya ló ní kó kà á, ọmọ ọmọ Abhimanyu ni, òun ló sì ń bi í ní ìbéèrè tí ìtàn fi ń lọ síwájú.